Omijé Kì í Ṣe Ẹ̀rí
Ní 1989, ọlọ́pàá New York mú ọmọdékùnrin márùn-ún, aláwọ̀ dúdú mẹ́rin àti ọmọ Látìn kan, fún ẹ̀sùn ìfipábánilòpọ̀. Wọ́n bi wọ́n léèrè fún ọ̀pọ̀ wákàtí títí wọ́n fi jẹ́wọ́ ohun tí wọn kò ṣe. Mùsùlùmí ni Yusef Salaam, ọ̀kan nínú wọn. Ọdún 2002 ni ilé ẹjọ́ tó dá wọn láre, lẹ́yìn tí ọ̀daràn gan-an jẹ́wọ́.

Eré tẹlifíṣàn When They See Us (2019) pa ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́kún. Ó dára. Ṣùgbọ́n tẹlifíṣàn àti ìwé ìròyìn náà ló mú kí aráyé kórìíra wọn kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, ìbínú kì í ṣe ẹ̀rí, omijé kì í ṣe ẹ̀rí. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹ jẹ́ kí á wádìí kí ọmọ ọlọ́mọ tó dé ẹ̀wọ̀n.