Gbèsè Tí Owó Ilé-Ìwé Kò Lè San

Ìbéèrè kan wà tí ó yẹ kí olúkúlùkù akẹ́kọ̀ọ́ bi ara rẹ̀: bí a bá ti san owó ilé-ìwé mi pé, ǹjẹ́ mo tún jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè bí?

Ní ọdún 1954 ni Ìjọ Àgùdà dá Loyola College sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Ní ọdún 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà sọ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tí yóò wọ ilé-ẹ̀kọ́ girama ní láti sanwó. Nígbà tí ó kan èmi náà láti lọ sí ọ̀kan nínú ilé-ẹ̀kọ́ àwọn Àgùdà, gbogbo agbo ilé wa ní Bẹẹrẹ ni ó dáwó jọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Mùsùlùmí ni ó pọ̀ jù nínú wọn. Ìyá mi àgbà, tí ń ta ẹ̀kọ ní Ọjà'ba, mú èrè ọjà rẹ̀ wá.

Ní ọjọ́ kan, èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń sọ̀kalẹ̀ láti Òkè Mápó nínú aṣọ ilé-ìwé wa. A bá ìyá mi àgbà ní ìdí igbá rẹ̀. Ojú tì mí. Mo ra ẹ̀kọ lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni pé n kò mọ̀ ọ́n rí. Ó wò mí, ohun tí mo ń ṣe sì yé e. Kò pe orúkọ mi. Ó ní, “Ẹ kú ìrìn o, ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé.” Ó ka ẹ̀kọ fún wa, ó fi ènì sí i, ó sì gba owó. Ní alẹ́, ó tú etí ìró rẹ̀, ó kó owó náà lé mi lọ́wọ́, ó ní, “Àkànní, gba owó rẹ. Èmi kì í ta ẹ̀kọ fún ọmọ mi.”

N kò lè jẹun ní alẹ́ ọjọ́ náà.

Ẹnìkan lè wí pé bí a bá ra ẹran tí a sì sanwó, àwa àti alápatà ti parí ọ̀rọ̀. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n owó ọ̀yà olùkọ́ àti owó ìwé ni owó ilé-ìwé. Ta ni ó lè díye lé ìgbẹ́kẹ̀lé àwọn àgbà tí wọ́n fa ọmọ wọn lé ẹlẹ́sìn mìíràn lọ́wọ́? Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni.

Ẹ wo Ignatius ti Loyola, ẹni mímọ́ tí a fi orúkọ rẹ̀ sọ ilé-ẹ̀kọ́ tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan. Ọmọ ìdílé ọlọ́lá ní ilẹ̀ Sípéènì ni, ó sì ti jagun kí ó tó fara gbọgbẹ́ ní ọdún 1521. Nígbà tí ó tó nǹkan bí ẹni ọdún 33, ó bá àwọn ọmọdé jókòó ní Barcelona láti kọ́ èdè Látìnì, ọrẹ àánú ni ó sì ń jẹ. Ojú kò tì í pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni òun ti ń jẹun.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má ṣe sẹ́ àwọn tí ó gbé yín ró. Ìjẹ́wọ́ wọn níwájú ènìyàn ni ìbẹ̀rẹ̀ ìsanpadà. Ṣíṣe irú oore bẹ́ẹ̀ fún ẹlòmíràn ni ìyókù. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, nínú aṣọ ilé-ìwé mi, mo ru igbá ìyá mi àgbà dé Ọjà'ba. N kò tíì san gbèsè náà tán títí di òní.