Nígbà Tí A Kò Fi Ọwọ́ Ara Wa Yàn

 

Ẹ̀yin ọmọ ìyá wa nínú ẹ̀sìn, bàbá olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìntì bi wá léèrè lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀ tó kọjá. Wọ́n fẹ́ mú nínú owó ìfẹ̀yìntì wọn fi ra àpò ìdókòwò tó ń tẹ̀lé NGX 30, ìyẹn ọgbọ̀n ilé-iṣẹ́ tó tóbi jù, tí ìpín wọn sì yá láti tà ní ọjà ìpín ìdókòwò Nàìjíríà. Wọ́n ní: "Àáfà, èmi kọ́ ni mo yan ilé-iṣẹ́ kankan níbẹ̀. Bí ọtí bá wà nínú rẹ̀, ṣé ẹ̀ṣẹ̀ tèmi ni?"

Ìbéèrè yìí kì í ṣe èyí tí a óò fọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Owó tí a tọ́jú sábẹ́ ìrọ̀rí ń jẹrà. Ẹni tó ń ra ìrẹsì mọ̀ bẹ́ẹ̀. A kò sì gbà pẹ̀lú àwọn tó ń pe ìpín rírà ní tẹ́tẹ́. Tẹ́tẹ́ kò ní nǹkan lẹ́yìn. Ìpín ní ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì lẹ́yìn, ó ní ọ̀pó tẹlifóònù, ó ní òṣìṣẹ́. Ẹni tó ra àpapọ̀ wọn tilẹ̀ jìnnà sí tẹ́tẹ́ ju ẹni tó kó gbogbo owó rẹ̀ lé ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo nítorí àhesọ.

Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ ti le nìyí. Ìpín kì í ṣe owó tí a yá ènìyàn, àjọní ni. Ẹni tó ní ìpín nínú ilé ìpọntí, bó ti wù kí ó kéré tó, òun náà ló ni díẹ̀ nínú àwọn ìgò tó ń jáde níbẹ̀. Inú ọgbọ̀n yẹn sì ni àwọn báńkì ńláńlá tí ń jẹ èlé wà, bẹ́ẹ̀ Ọlọ́hun ti ya òwò sọ́tọ̀ kúrò lára ribà nínú Súrátù Baqarah, ẹsẹ 275. Bí a bá rán ọmọ lọ sọ́jà pé kí ó ra ohunkóhun tó bá tóbi jù lórí àtẹ, tí ó sì gbé ẹran ẹlẹ́dẹ̀ dé, a kò lè sọ pé ọmọ ló yàn. Àwa la fún un ní òfin tí ó fi yàn. Títóbi àti yíyá lọ́jà ni òfin àpò yìí. Kò béèrè ohun tí ilé-iṣẹ́ ń tà.

Láti ọdún 2012 ni òmíràn ti wà lọ́jà náà, èyí tí à ń pè ní NGX Lotus Islamic Index, tí a fi òfin Ṣẹ̀ríà yọ àwọn ilé-iṣẹ́ ọtí àti ti èlé kúrò nínú rẹ̀. Àwọn ọmọ wa ní Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà tí wọ́n ń ra S&P 500 ní S&P 500 Shariah.

Síbẹ̀, mímọ́ rẹ̀ kò pé. Ìlànà AAOIFI fàyè gba ilé-iṣẹ́ tí owó èèwọ̀ tó ń wọlé fún un kò bá ju ìdá 5 nínú 100 lọ. Kò sí ẹsẹ Kùráánì tó dárúkọ iye yìí. Ijtihad àwọn onímọ̀ ni, ọkàn tiwa pàápàá kò sì fi bẹ́ẹ̀ balẹ̀ sí i. Ìdá 5 náà kò di halal. Ẹni tó ni ìpín yóò ṣírò èyí tó kàn án nínú rẹ̀, yóò gbé e fún aláìní láìretí láádá, nítorí kì í ṣe sàráà, kì í sì í ṣe sàká.

Bàbá wá béèrè bóyá wọ́n lè fi owó ìwẹ̀nùmọ́ náà san owó ilé-ìwé ọmọ-ọmọ wọn. A rẹ́rìn-ín díẹ̀, a ní: "Rárá o, Bàbá."