Ǹjẹ́ Ẹ̀dá Kan Wà Tí Kò Wúlò?



Ní ọjọ́ kan, èmi àti àwọn ọmọ kéú mi wà nínú oko ọ̀pẹ kan nítòsí Ìyànsàn níhìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn gbé òdòdó akọ ọ̀pẹ tí wọ́n gé bọ́ sílẹ̀, ó gbọ̀n ọ́n, àwọn kòkòrò wínníwínní tí kò tó hóró ìrẹsì sì ya jáde. Ó fi bàtà tẹ̀ wọ́n pa, ó ní, "Àáfà, kí ni ìwúlò èyí?" Mo bá wọn rẹ́rìn-ín, n kò sì dáhùn. Ẹ̀rín ọjọ́ náà kò dùn mọ́ mi nínú mọ́, nítorí ohun tí mo kà lẹ́yìn náà.

Igi ọ̀pẹ kan náà ní ń yọ òdòdó akọ àti ti abo, ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n kí méjèèjì là lẹ́ẹ̀kan náà. Abo ní ń di ìdì ẹyìn. Kí ó tó lè so dáadáa, lẹ́búlẹ́bú tó dà bí àtíkè gbọ́dọ̀ ti ara akọ dé ara rẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn onímọ̀ gbà pé afẹ́fẹ́ ní ń gbé e. Àṣé kòkòrò ni! Èyí tó gbajúmọ̀ jù nínú wọn ni wọ́n ń pè ní Elaeidobius kamerunicus. Inú òdòdó akọ ni ó ti ń jẹun, ibẹ̀ ni ó ń yé sí, ibẹ̀ ni ọmọ rẹ̀ ti ń dàgbà. Kò ní ilé mìíràn. Bí òdòdó abo bá là, òórùn tó jọ ti akọ a máa jáde lára rẹ̀. Kòkòrò a tọ òórùn náà lọ, a sì gbé àtíkè akọ dé ibẹ̀. Kò ní rí ibi yé sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ti parí.

Ẹ wo orílẹ̀-èdè Malaysia. Láti Áfíríkà ni ọ̀pẹ ti dé ọ̀dọ̀ wọn, ní ọdún 1917 ni wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ oko ọ̀pẹ fún òwò. Igi ni wọ́n rí gbìn. Kòkòrò rẹ̀ kò bá a dé ibẹ̀. Nítorí náà ni àwọn òṣìṣẹ́ fi ń káàkiri oko, tí wọ́n ń fi ọwọ́ da àtíkè akọ sára abo. Ní ọdún 1981, wọ́n kó kòkòrò yìí láti Cameroon lọ síbẹ̀. Ẹyìn kún orí ìdì ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, wọ́n sì fi iṣẹ́ ọwọ́ náà sílẹ̀. Ohun tí a fi bàtà tẹ̀ ni àwọn ẹlòmíràn wá dé ilẹ̀ wa.

Ẹnì kan lè bi mí pé, "Ẹ̀fọn ńkọ́? Ìtun tí ń jẹ inú ọ̀pẹ ńkọ́?" Òótọ́ ni. Ohun tí ó ń pa wá lára, ó tọ́ kí á dènà rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kí á mọ ibi tí nǹkan ń ṣe, ọ̀tọ̀ ni kí á má mọ ire tí ó ń ṣe. Èkíní jẹ́ ìmọ̀, èkejì jẹ́ àìmọ̀, àìmọ̀ kò sì tó ẹ̀rí láti dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Kì í ṣe lásán ni Súrà mẹ́ta nínú Al-Kùránì fi ń jẹ́ orúkọ oyin, eèrà àti alántakùn.

Bẹ́ẹ̀ náà ni láàárín wa. Ẹni tí ń tẹ́ ẹní, tí ń pọn omi àlùwàlá kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀, a kì í pè é sórí àga. Ọjọ́ tí kò bá wá ni a ń mọ̀. Ọ̀pẹ ga fíofío, síbẹ̀ ẹni tí kò tó hóró ìrẹsì ni ó ń retí. Kòkòrò náà kò sì lè wà láìsí ọ̀pẹ. Kí ni ìtìjú wà nínú kí a nílò ara wa?

Ọmọ kéú mi, bí o bá ka èyí, ìdáhùn rẹ nìyí. Má bínú pé ó pẹ́.

Kí Ọlọ́run Allah fún wa ní ojú tí ń rí iṣẹ́ ẹni kékeré. Àmín.