Ẹ̀RÙ EKURÁ ÀTI ÌBẸ̀RÙ ỌLỌ́HUN

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́ Ayé, Àṣàkẹ́ Ọ̀run. Gbogbo ọpẹ́ ti Ọlọ́hun ni, Ẹni tí ó dá òkun, tí ó sì fi ohun ẹlẹ́mìí tí a kò lè kà tán kún inú rẹ̀. Kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá Ànábì wa Muhammad (S.A.W.), àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn Sàhábà rẹ̀, àti gbogbo ẹni tí ó ń tọ ipa wọn títí di ọjọ́ Àlùkìyámà.



Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá ara wa sọ lóṣù yìí dá lórí ẹ̀rù. Àwọn ènìyàn kan a máa lọ lo ìsinmi ní àwọn erékùṣù ilẹ̀ olóoru, níbi tí omi òkun ti mọ́ bíi gíláàsì. Wọn a fi awò bojú, wọn a fi ẹnu há ọ̀pá tí orí rẹ̀ yọ sókè omi kí wọ́n lè máa mí, wọn a dojú délẹ̀ lórí omi, wọn a sì máa wo àwọn ẹja aláràbarà tí ń bẹ nísàlẹ̀. Ìgbádùn tí kò lẹ́ṣẹ̀ nínú ni. Ṣùgbọ́n ọkàn ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í balẹ̀. Gbogbo òjìji tí ó bá kọjá, wọ́n á ní ekurá ni. Ekurá yìí, tí àwọn mìíràn ń pè ní àkurákudà, ni ẹja eléyín mímú tí sinimá ti sọ di apànìyàn lójú gbogbo ayé. Ẹlòmíràn a sanwó ọkọ̀ ojú omi tán, kò ní sọ̀ kalẹ̀ nínú rẹ̀.

Ǹjẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ ni irú ẹ̀rù báyìí? Ṣé àìnígbàgbọ́ ni? Kí ni ó tọ́ kí Mùsùlùmí ṣe sí i?

Èkíní, ẹ jẹ́ kí a mọ̀ pé ẹ̀rù fúnra rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Nígbà tí ọ̀pá Ànábì Musa ń rìn bí ejò, Ànábì Ọlọ́hun yìí yí ẹ̀yìn padà, ó sá, kò sì bojú wẹ̀yìn. Ó wà nínú Suratul Qasas, áyà 31. Ọlọ́hun kò pè é ní aláìgbàgbọ́ nítorí èyí. Ńṣe ni Ó pè é padà, tí Ó sì fi í lọ́kàn balẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí àyà rẹ̀ bá já nínú omi, kí ó má ṣe rò pé ìgbàgbọ́ òun ti bàjẹ́. Ibi tí ẹ̀rù náà bá gbé e lọ ni a ó bi í léèrè.

Èkejì, Mùsùlùmí a máa fi ìmọ̀ wọn ẹ̀rù rẹ̀. Àwọn àgbà ní ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló, yóò sá. Ọ̀pọ̀ wa ni ejò kò tilẹ̀ bù jẹ rí, sinimá nìkan ni a wò. Ẹ jẹ́ kí a mú Maldives wò. Ilẹ̀ Mùsùlùmí ni, nínú Òkun Íńdíà, ó sì ní erékùṣù bíi 1,200. Lára ekurá tí àwọn tí ń lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀ sábà máa ń rí níbi tí omi kò ti jìn ni èyí tí ṣóńṣó lẹbẹ́ rẹ̀ dúdú. Kì í sábà gùn tó ènìyàn tó ga, ojú sì máa ń tì í: bí o bá ta omi pàá, ó lè sá lọ. Èyí tí ó tóbi jù nínú gbogbo ẹja ayé, tí ó lè gùn ju mítà 10 lọ, ekurá ni òun náà, wọ́n sì máa ń rí i ní gúúsù Ari ní Maldives. Ohun kéékèèké inú omi ni ó ń sẹ́ jẹ bí ẹni ń sẹ́ ògì.

Ilé-ẹ̀kọ́ gíga University of Florida ní Amẹ́ríkà ní ibi tí wọ́n ti ń kọ irú ìṣẹ̀lẹ̀ yìí sílẹ̀. Ní ọdún 2024, ìgbà 47 ni wọ́n kà ní gbogbo ayé tí ekurá bu ẹni tí kò tọ́ ọ jẹ. Àwọn 4 ni ó kú nínú wọn. Ṣùgbọ́n Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ènìyàn bíi 300,000 ni ó kú sínú omi ní ọdún 2021. Ẹ wá wò ó! Ẹni tí ó wà nínú omi ń bẹ̀rù eyín ẹja, kò bẹ̀rù omi. Àwọn onímọ̀ sì ṣírò rẹ̀ ní ọdún 2013 pé bíi mílíọ̀nù 100 ekurá ni ọmọ ènìyàn ń pa lọ́dún. Bí ó bá jẹ́ pé ẹja lè sọ̀rọ̀, ta ni ìbá máa sá fún ta?

A kò sọ pé ewu kò sí o. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá ọdún 2010, ní Sharm el-Sheikh, létí Òkun Pupa ní Íjíbítì, ekurá bu àwọn àlejò mélòó kan jẹ láàárín ọjọ́ díẹ̀, obìnrin ará Jámánì kan sì kú. Nígbà tí àwọn onímọ̀ wádìí rẹ̀, lára ohun tí wọ́n ní ó ṣeé ṣe kí ó fà á ni òkú àgùntàn tí a jù sínú òkun láti inú ọkọ̀ tí ń kó ẹran ọdún Iléyá, àti àwọn tí ń fi oúnjẹ fa ẹja mọ́ra. Ẹ̀yin ará mi, ẹran ọdún wa ni wọ́n ń sọ yìí! Suratu Rum, áyà 41, ti sọ̀rọ̀ nípa ìbàjẹ́ orí ilẹ̀ àti ojú omi tí ọwọ́ ọmọ ènìyàn fà. Kí a tó fi ẹja sun Ọlọ́hun, kí a kọ́kọ́ wo ọwọ́ ara wa.

Ẹ̀kẹta ni ìgbáralé Ọlọ́hun. Ọkùnrin kan bi Ànábì (S.A.W.) bóyá kí òun so ràkúnmí òun mọ́lẹ̀ ni, tàbí kí òun fi í sílẹ̀ kí òun sì gbára lé Ọlọ́hun. Ànábì pa á láṣẹ pé kí ó ṣe méjèèjì: kí ó so ó, kí ó sì gbára lé Ọlọ́hun. Imam Tirmidhi ni ó gbà á wá. Báwo ni a ó ṣe so ràkúnmí tiwa nínú òkun? Má ṣe dá wọ omi. Bi àwọn ọmọ ìlú léèrè ibi tí omi ti ń ṣàn kíkan láàárín àpáta iyùn, kí o sì yẹra fún un. Wọ ẹ̀wù tí ń mú ni léfòó bí o kò bá mọ̀ ọ́n wẹ̀ dáadáa. Má ṣe wọ omi ní ìdájí tàbí ní ìrọ̀lẹ́ tí ilẹ̀ ń ṣú, tàbí níbi tí àwọn apẹja ti ń fọ ẹja. Má ṣe fún ekurá ní oúnjẹ, má sì lé e kiri. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Kí arákùnrin bo ìhòòhò rẹ̀, kí arábìnrin wọ aṣọ ìwẹ̀ tí ó bo ara. Lẹ́yìn èyí, ṣe Bísímílàhì kí o wọlé. Ohun tí Ọlọ́hun kò bá kọ mọ́ ọ kò ní bá ọ.

Ẹ̀kẹrin ni ó ṣe pàtàkì jù. Ibn Battuta, arìnrìnàjò ará Mòrókò tí ó dé Maldives ní ọdún 1343 tí wọ́n sì fi jẹ adájọ́ níbẹ̀, kọ ìtàn kan tí àwọn ará ibẹ̀ sọ fún un. Wọ́n ní kí ẹ̀sìn Ìsìláàmù tó dé, ẹbọra kan a máa ti inú òkun wá lóṣooṣù, wọn a sì fi wúńdíá kan kalẹ̀ fún un. Ìbò wá mú obìnrin arúgbó kan tí kò ní ju ọmọbìnrin kan lọ. Àlejò Mùsùlùmí kan tí ó mọ Al-Kùránì sórí ní òun yóò lọ dípò rẹ̀. Ó ń ké Al-Kùránì títí ilẹ̀ fi mọ́, ẹbọra náà kò sì rí i gbé ṣe. Báyìí ni ọba ìlú náà ṣe gba Ìsìláàmù. Ọdún 1153 ni wọ́n fi ìgbà náà sí.

Ẹ wo ohun tí ó wà nínú ìtàn yìí. Ẹ̀rù tí kò sí Ọlọ́hun nínú rẹ̀ a máa gba ẹbọ. Àwọn ará àtijọ́ fi ọmọ wọn fún un. Kí ni ìwọ ń fi fún tìrẹ? Ẹ̀rù àìlówó ń gba òtítọ́ lọ́wọ́ ọ̀dọ́kùnrin, ó wọ ẹgbẹ́ àwọn oníjìbìtì. Ẹ̀rù àìrọ́kọ fẹ́ ń gba ìtìjú lọ́wọ́ ọ̀dọ́bìnrin. Ẹ̀rù ẹ̀gàn àwọn ọ̀rẹ́ ń gba ìrun. Àní etí òkun kan náà tí ẹnìkan ti ń gbọ̀n nítorí ekurá, ibẹ̀ náà ni ìrun Àílà ti ń kọjá lórí rẹ̀ tí kò bìkítà. Ó bẹ̀rù ẹ̀dá tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè pàdé, kò bẹ̀rù Ọba tí ó dájú pé yóò pàdé.

Bí ìgbì bá sì gbé e, Ọlọ́hun nìkan ni yóò ké pè. Suratul Isra, áyà 67, ti sọ ìwà wa yìí: bí a bá gúnlẹ̀ tán, a ó yí ẹ̀yìn padà. Ẹ má jẹ́ kí a dà bẹ́ẹ̀. Ẹja ńlá gbé Ànábì Yunus mì, kò sì lè jẹ ẹ́, nítorí ẹrú tí ń gba àṣẹ ni ẹja. Àfọ̀mọ́ tí Yunus ń ṣe fún Olúwa rẹ̀ nínú òkùnkùn náà ni ó mú un jáde. Ẹ jẹ́ kí a bá Ọlọ́hun dọ́rẹ̀ẹ́ lórí ilẹ̀, kí ohùn wa má baà jẹ́ àjèjì nígbà tí a bá wà lójú omi.

Kí Ọlọ́hun yọ ẹ̀rù ẹ̀dá kúrò lọ́kàn wa, kí Ó fi ìpayà Rẹ̀ rọ́pò rẹ̀. Kí Ó ṣọ́ wa lórí ilẹ̀, lójú omi àti lójú òfúrufú. Kí Ó má ṣe jẹ́ kí a fi ẹ̀sìn wa ṣe ẹbọ fún ohunkóhun. Àmín.

Wàsàláámù àlékúmù.