Nígbà Tí Ọ̀rọ̀ Bá Sọnù Lọ́nà

Bí ẹnì kan bá sọ̀rọ̀ tí ẹnì kejì kò gbọ́ ọ, ọrùn ta ni ẹ̀bi wà? Ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò dáhùn kíá pé ọrùn ẹni tí ó sọ ọ́ ni, nítorí pé ohùn rẹ̀ kò ròkè tó. Ìdáhùn yìí ti mọ́ni lára dé ibi pé a kì í yẹ̀ ẹ́ wò mọ́: oníwàásù a ra ẹ̀rọ gbohùngbohùn tí ó tóbi ju ti àná lọ, òbí a sì jágbe mọ́ ọmọ. Ṣùgbọ́n ìtàn kan wà nínú iṣẹ́ iná mànàmáná tí ó fi hàn pé igbe lè ba ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ ń gbà jẹ́ pátápátá.

Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù Kẹjọ ọdún 1858, wọ́n parí títẹ́ wáyà kan sí ìsàlẹ̀ òkun Àtìláńtíìkì, láti erékùṣù Valentia ní Ireland títí dé Trinity Bay ní Newfoundland. Gígùn rẹ̀ lé ní kìlómítà 3,000. Okùn bàbà méje tí a lọ́ pọ̀ ni ó wà láàárín. Oje igi kan tí à ń pè ní gutta-percha ni wọ́n fi bò ó kí omi òkun má baà kàn án, wọ́n sì fi wáyà irin wé e lóde. Ní ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù náà, Ọbabìnrin Victoria tẹ wáyà sí James Buchanan, Ààrẹ Amẹ́ríkà. Ọ̀rọ̀ 98 péré ni, ṣùgbọ́n ó gbà tó wákàtí 16 kí ó tó dé tán. Àwọn ará New York kò bèèrè ìdí rẹ̀. Wọ́n yọ̀, wọ́n yin báńgà sójú ọ̀run títí tí iná fi ràn mọ́ òrùlé gbọ̀ngàn ìlú wọn. Kí oṣù Kẹsàn-án tó lọ jìnnà, wáyà náà ti yadi.

Àwọn kan rò pé iná ń sáré nínú wáyà bí ọta ti ń jáde lẹ́nu ìbọn. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Bàbà tí ó wà nínú, omi òkun tí ó wà lóde, àti ìbòrí tí ó là wọ́n láàárín para pọ̀ di ìkòkò gbọọrọ kan tí ó ní láti kọ́kọ́ gba iná sára kí ó tó lè tú u jáde ní òdìkejì. Michael Faraday ṣàlàyé èyí ní ọdún 1854. Bàbà fúnra rẹ̀ kì í sì í jẹ́ kí iná kọjá láìgba owó ibodè: ó ń sọ díẹ̀ nínú rẹ̀ di ooru. Nítorí náà, àmì kúkúrú tí ó wọlé láti Valentia bí ẹni kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kan yóò ti fẹ̀, yóò sì ti rọ̀, kí ó tó dé Newfoundland, bí ìgbì tí ó ń rọra gòkè tí ó sì ń rọra sọ̀ kalẹ̀. Bí a bá yára fi òmíràn tẹ̀ lé e, àwọn méjèèjì yóò dàpọ̀ mọ́ra. William Thomson, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Glasgow, ti ṣe ìṣirò rẹ̀ ṣáájú pé bí gígùn wáyà bá di ìlọ́po méjì, ìdádúró yìí yóò di ìlọ́po mẹ́rin.

Wildman Whitehouse, oníṣẹ́ abẹ tí ó di alábòójútó ọ̀rọ̀ iná fún ilé iṣẹ́ tí ó ni wáyà náà, kò gba ìṣirò yìí. Lójú tirẹ̀, bí àmì kò bá hàn, kí a fi agbára kún un ni. Iná tí ó tó fólítì 2,000 ni ó rán wọ inú wáyà tí ó ti ń ṣàìsàn, ìbòrí tí kò lágbára kò sì lè gbà á. Ọ̀nà tí Thomson yàn yàtọ̀. Ó so dígí kékeré kan mọ́ mágínẹ́ẹ̀tì tín-ín-rín, ó jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ àtùpà máa bọ́ lé dígí náà. Bó ti wù kí iná tí ó dé kéré tó, dígí a yí díẹ̀, ìmọ́lẹ̀ tí ó ń ta jáde a sì rìn jìnnà lójú ìwọ̀n. Ẹni tí ó jókòó tì í kì í retí kí àmì pé. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ti ń yà sí ọ̀tún tàbí sí òsì ni ó ti mọ ohun tí ń bọ̀. Whitehouse fẹ́ kí ẹnu tóbi sí i, Thomson fẹ́ kí etí mú sí i.

Bí a bá gbé èyí wá sí ilé ayé, ìbéèrè náà kì í ṣe ti wáyà nìkan mọ́. Ìjọba tí kò gbọ́ ẹjọ́ ará ìlú àfi nígbà tí wọ́n bá dáná sun táyà lójú títì ti yan ọ̀nà Whitehouse fún wọn. Ó ti kọ́ wọn pé fólítì 2,000 nìkan ni òun ń gbọ́, lẹ́yìn náà ni yóò wá máa ráhùn pé wọ́n ba ìlú jẹ́.

Síbẹ̀, kò tọ́ kí a di gbogbo ẹrù yìí ru Whitehouse bí wọ́n ti ṣe nígbà náà. Láti ilé iṣẹ́ ni àrùn ti wà lára wáyà náà: bàbà kò sí láàárín gbùngbùn ìbòrí rẹ̀ ní ibi púpọ̀, oòrùn ti pa á, wọ́n sì ti gé e, wọ́n ti so ó, nínú ìgbìyànjú tí kò yọrí. Nígbà tí iṣẹ́ wá yọrí ní ọdún 1866, kì í ṣe etí nìkan ni wọ́n tún ṣe. Bàbà inú wáyà tuntun náà wúwo tó ìlọ́po mẹ́ta ti àtijọ́, ó sì ń gbé bí ọ̀rọ̀ mẹ́jọ ní ìṣẹ́jú kan. Ogún ọdún lẹ́yìn èyí, ní 1886, wáyà abẹ́ òkun dé Èkó.

Ìlú Èkó tí ó gbà á kò ṣàìmọ ọgbọ́n ìránṣẹ́ láti òkèèrè. Dùndún kò lè pe kọ́ńsónáǹtì, kò sì lè pe fáwẹ̀lì. Ohùn nìkan ni ó ń gbé. Lẹ́nu rẹ̀, ìlú, ìyá àti ẹ̀kọ́ kò yàtọ̀ síra: ohùn ìsàlẹ̀ kan, ohùn òkè kan. Onílù kì í torí èyí fi ọ̀pá ya awọ. Ńṣe ni ó ń fa ọ̀rọ̀ gùn, tí ó ń fi oríkì àti àdìpọ̀ ọ̀rọ̀ tí etí ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ yí ẹyọ ọ̀rọ̀ kan ká, kí èyí tí ó sọnù lè ti ara èyí tí ó kù jáde. Àjèjì tí kò mọ oríkì náà yóò gbọ́ ìlù, kò ní gbọ́ ọ̀rọ̀. Ìmọ̀ tí olùgbọ́ ti ní jẹ́ ara iṣẹ́ tí a rán.

Ti ariwo tún yàtọ̀. Nígbà tí tẹlifóònù olókùn ṣì wọ́pọ̀, kì í ṣe ohun tuntun kí ẹni tí ń bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀ máa gbọ́ bí àjèjì kan ti ń ná ìrẹsì, nítorí pé wáyà méjì tí ó sùn ti ara wọn a máa jo ọ̀rọ̀ sára ara wọn. Oníṣòwò yẹn kò pariwo o. Ọ̀rọ̀ gidi ni tirẹ̀. Lọ́dọ̀ rẹ̀, tọkọtaya náà ni ariwo. Ẹni tí ń gbé láàárín ilé ìjọsìn méjì tí ó dojú gbohùngbohùn kọ ara wọn mọ èyí láìka ìwé. Alexander Graham Bell gba ìwé àṣẹ ní 1881 lórí ọgbọ́n kan: kí a lọ́ wáyà méjì pọ̀ bí irun dídì, kí olúkúlùkù máa sún mọ́ ibi ariwo ní tirẹ̀ ní tirẹ̀. Ariwo yóò wọlé, ṣùgbọ́n yóò wọlé dọ́gba, ìyàtọ̀ àárín wáyà méjèèjì nìkan ni ẹ̀rọ yóò sì kà sí ọ̀rọ̀.

Níbi tí ọ̀nà bá ti gùn jù, a ní láti fi ẹ̀rọ sáàárín tí yóò máa sọ àmì jí. Wáyà tẹlifóònù tí wọ́n tẹ́ sí òkun Àtìláńtíìkì ní ọdún 1956 ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ 51 lára ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú okùn rẹ̀ méjèèjì. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí ń sọ ọ̀rọ̀ di ńlá ń sọ ariwo di ńlá pẹ̀lú, bí ìkọ̀ tí ó jẹ́ iṣẹ́ ọ̀gá rẹ̀ tìkọ́-tìkọ́. Alec Reeves ti ronú kan ọ̀nà mìíràn ní 1937: kí a sọ ohùn di kìkì “ó wà” àti “kò sí”, kí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan lójú ọ̀nà pinnu èyí tí ó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kí ó sì tún un kọ ní tuntun, láìgbé ìdọ̀tí ẹ̀yìn dání.

Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Iṣẹ́ tí ẹ̀rọ yìí ń ṣe nìyẹn, ìyìn sì tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ohùn tí ariwo ti bà jẹ́ ń kìlọ̀ fún olùgbọ́ pé kí ó tún bèèrè. Èyí tí a ti tún kọ lọ́nà kò ní àpá lára. Bí ẹ̀rọ kan bá ṣì í pinnu, àṣìṣe náà yóò dé ní mímọ́ tónítóní. Nítorí èyí ni àwọn onímọ̀, bíi Richard Hamming ní ọdún 1950, fi ń so àmì àlékún mọ́ iṣẹ́, kí ẹni tí ó gbà á lè mọ̀ bí nǹkan bá ti yí padà. Ìkọ̀ kò ní irú àmì bẹ́ẹ̀ lára. Ọba tí ó fi tọmọ jẹ́ iṣẹ́ fún yóò gbàlejò rẹ̀, yóò fún un ní obì, yóò sì sùn ní alẹ́ ọjọ́ náà láìmọ̀ pé èébú ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí òun.