Ẹni Tó Dẹ Pàkúté Ló Ni Ohun Tó Mú

Bí ẹ bá tètè jáde láàárọ̀ ní àdúgbò wa n'Íbàdàn, kí ọkọ̀ tó pọ̀ lójú títì, ẹ ò ní ṣàì rí òkú eku kan tó nà gbalaja sílẹ̀. Kì í ṣe ọkọ̀ ló pa á. Inú ilé ló kú sí. Ẹnì kan ló fi páálí gbé e jáde, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó jù ú sójú títì kí táyà ọkọ̀ lè bá a lọ̀ ọ́. Mo ti bi ọ̀pọ̀ èèyàn pé kí ló dé tí wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn kan ní kó má baà jí padà ni. Àwọn kan ní bí àwọn ṣe bá a nìyẹn. Títí di òní, n kò tíì rí ẹni tó tọ́ka sí ọ̀kan níbẹ̀ pé, "Èmi ni mo ni èyí."

Ìbéèrè ta ló ni ín yìí ló ń jẹ mí lọ́kàn nípa pàkúté. Bí ọwọ́ kò bá di àdá mú, àdá kò lè ṣánko. Ṣùgbọ́n ìgbà tí ẹni tó dẹ pàkúté bá ti sùn, tó ti lọ sọ́jà, tó tiẹ̀ ti gbàgbé pé òun dẹ nǹkan kan, ìgbà náà gan-an ni pàkúté ń ṣiṣẹ́. Ohun tí èèyàn bá ṣe lẹ́yìn tó dẹ ẹ́ tán ni mo fi ń mọ irú ẹni tó jẹ́. Iṣẹ́ tó fi sílẹ̀ lẹ́yìn ara rẹ̀, ṣé yóò padà wá bójú tó o?

Ẹ jẹ́ ká wo ẹbìtì. Kò ju òkúta pẹlẹbẹ tàbí ìtì igi lọ, tí wọ́n gbé apá kan rẹ̀ sókè, tí wọ́n fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ ró, tí wọ́n sì so ẹyìn mọ́ igi kékeré mìíràn tó kọ́ ti àkọ́kọ́. Bí eku bá fa ẹyìn, igi á yẹ̀, òkúta á wó lé e. Ibi tí igi méjèèjì ti kọ́ra ni gbogbo ọgbọ́n rẹ̀ wà. Bó bá le jù, eku á jẹ ẹyìn tán, á nu ẹnu, á bá tirẹ̀ lọ. Bó bá dẹ̀ jù, atẹ́gùn lásán á wó o, tàbí kó wó lé ìka ẹni tó ń dẹ ẹ́. Àwọn àgbà ní bí ẹbìtì ò bá peku, kó fẹ́yìn fẹ́lẹ́yìn. Mo fẹ́ràn òwe yẹn nítorí pé ẹyìn ẹyọ kan péré, wọn ò jẹ́ kó sọnù láìbi í. Wọ́n mọ ẹni tó ni ín.

Kò sẹ́ni tó máa bá àgbẹ̀ jà pé ó dẹ okùn sóko ara rẹ̀. Òyà ń gé àgbàdo, òkété ń hú ohun tí a gbìn, ọ̀kẹ́rẹ́ ń dá èso kòkó lu kó tó pọ́n. Oúnjẹ ọmọ èèyàn ni wọ́n ń jẹ. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ tó mọ ohun tó ń ṣe á ṣẹ́ igi tàbí so mọ̀rìwò sí tòsí ibi tí okùn wà, á sì sọ fún àwọn tí oko wọn bá tirẹ̀ pààlà. Ilẹ̀ ò ní tíì mọ́ tán tí yóò ti lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ìnáwó bá gbé e kúrò nílé, á kọ́kọ́ tú u sílẹ̀ kó tó lọ. Tàkúté onírin eléyín kò mọ ẹsẹ̀ òyà yàtọ̀ sí ẹsẹ̀ ọmọ tó wá ṣa ìgbín. Ẹran tó bá sì lo ọjọ́ méjì nínú okùn, ìyà ló jẹ kú, ìdin ló sì jẹ ẹran rẹ̀: àgbẹ̀ pàdánù, ẹran náà pàdánù. Ní ti ẹni tó ń yọ ẹran nínú okùn ẹlòmíràn, olè ni, kódà bó sọ pé ẹran náà ì bá bàjẹ́ ni. Ẹni tí àánú bá ṣe lóòótọ́ á pa á, á fi kọ́ igi, á sì ránṣẹ́ sí olóko.

Ìlú ńlá ló ba ọ̀rọ̀ yìí jẹ́, nítorí pé níbẹ̀ a lè ra pàkúté láì kọ́ ìwà tó bá a rìn. Ẹ wo gọ́ọ̀mù eku tí wọ́n ń kiri nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Wọ́n á tẹ́ ẹ sórí páálí, eku á gbá mọ́ ọn. Gọ́ọ̀mù kì í pa eku, ṣe ló kàn ń dì í mú. Ẹni tó rà á ló yẹ kó wá parí iṣẹ́, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn sì ti ń sá.

Nínú ilé kan tí mo gbé rí, tí àwọn yàrá kọjú síra, Bàbá Ìbejì tẹ́ gọ́ọ̀mù sẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì. Lóru, eku kan há síbẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í han. Gbogbo wa là ń gbọ́ ọ. Kò sẹ́ni tó dìde. Nígbà tó yá, Ìyá onílé, tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, jáde tòun ti tọ́ọ̀ṣì, ó sì kan ilẹ̀kùn.

"Bàbá Ìbejì, dìde o. Ẹran rẹ ń pè ọ́."

"Ìyá, ẹ má bínú, eku ni. Ilẹ̀ á mọ́ bá a."

"Mo mọ̀ pé eku ni. Àbí èmi ni mo dẹ ẹ́? Wá pa á ká lè sùn."

Ó jáde. Mo yọjú. Eku náà ti fa itan rẹ̀ kan yọ, gbogbo irun ibẹ̀ sì ti ṣẹ́ kù sínú gọ́ọ̀mù. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń lọ sókè-sódò kíákíá. Bàbá Ìbejì fi pákó lù ú lẹ́ẹ̀kan, ó parí. Ẹ má rò pé Ìyá fẹ́ràn eku o. Eku ti jẹ gèlè rẹ̀ méjì rí, bó bá ń ṣépè fún wọn, etí á dí. Kò kàn gbà kí ẹni tó pe ikú wá sílé sùn nígbà tí ikú dé ni.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin kan tí wọ́n ṣe ní 2022, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ìparí oṣù keje 2024, ti sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ kí ẹni tí kò ní ìwé àṣẹ máa fi gọ́ọ̀mù mú eku. Wales ti fòfin dè é ṣáájú, ní 2023. N kò mọ ìgbà tí irú rẹ̀ máa dé ọ̀dọ̀ wa, n kò sì rò pé ó yẹ ká dúró de ọlọ́pàá lórí ọ̀rọ̀ tí Ìyá onílé ti dá lẹ́jọ́ lọ́gànjọ́ òru.

Oògùn eku tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé òun kì í dúró lójú kan. Irú èyí tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì ń gba ọjọ́ bíi mélòó kan kó tó pa eku. Láàárín ìgbà náà eku ń rìn kiri, ológbò aládùúgbò lè gbé e, adìẹ lè ṣá a jẹ, ó sì lè kú sókè àjà níbi tí ọwọ́ ò lè tó o. Ní ti ọ̀tapíàpíà àti oògùn kòkòrò tí àwọn èèyàn ń pò mọ́ ẹja kí eku lè jẹ ẹ́, ní 2019 ni NAFDAC, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Nàìjíríà, ti ní kí wọ́n yé ta ìgò kéékèèké èyí tí wọ́n fi dichlorvos ṣe lọ́jà gbangba. Ẹja tí a pò mọ́ oògùn kò ní àmì kankan lójú ọmọ ọdún méjì.

Bí a bá máa pa eku, ká pa á kíá. Pàkúté onípákó tó ní sípíríìngì, irú èyí tí William Hooker gba ẹ̀tọ́ lé lórí ní Illinois, ní Amẹ́ríkà, ní 1894, ṣì ń ṣe iṣẹ́ náà dáadáa bí a bá mọ̀ ọ́n dẹ. Ẹ̀gbẹ́ ògiri ni eku ń gbà, nítorí náà ẹ kọjú ibi tí oúnjẹ wà sí ògiri. Ẹ̀pà díẹ̀ tó, tàbí ẹja gbígbẹ tí a fi òwú so mọ́ ọn kó má lè gbé e sá. Eku máa ń fura sí ohun tuntun. Ẹ gbé e síbẹ̀ pẹ̀lú oúnjẹ fún ọjọ́ bíi mélòó kan láì fà á, kó fi ibẹ̀ ṣe ilé oúnjẹ, kí ẹ tó wá dẹ ẹ́.

Lẹ́yìn náà ni òkú rẹ̀. Ní 1969 ni wọ́n kọ́kọ́ dá ibà Lassa mọ̀ ní ìlú Lassa tó wà ní Borno lónìí, lẹ́yìn náà ni a sì wá mọ̀ pé ìtọ̀ àti ìgbẹ́ eku ọlọ́mú púpọ̀ lè fa ikú wọlé. Ìpínlẹ̀ Oǹdó àti Edo wà lára ibi tó ti ń ṣọṣẹ́ jù, àwọn dókítà tó wà l'Ọ́wọ̀ mọ̀ ọ́n bí ẹni mowó. Nítorí náà, ọwọ́ lásán kò gbọdọ̀ kan òkú eku. Nínú ọ̀rá méjì ló yẹ kó wà, ká fi bílíìsì nu ibi tó kú sí, ká sì sin ín jìnnà sí kànga. Èyí tí a bá jù sójú títì, ọmọ aláìmọ̀kan lè he é láti fún ológbò rẹ̀, tàbí kó sun ún jẹ. Ẹni tó jù ú kò ní sí níbẹ̀.

Ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé púpọ̀ nínú pàkúté wọ̀nyí ì bá má wáyé rárá. Èkúté ilé lè gba inú ihò tí kálámù bíró bá gbà kọjá. Nílé wa yẹn, ihò bẹ́ẹ̀ mẹ́rin ló wà lára ògiri kíṣìnnì, ìdọ̀tí sì kún garawa tí a gbé sẹ́yìn ilé. Ìyá onílé ní ká dáwó ra sìmẹ́ńtì. Àwọn kan dá a, àwọn kan ní onílé ló ni ògiri, àwọn ò lè tún ilé onílé ṣe. Àwọn tó kọ̀ yìí ló ń ra gọ́ọ̀mù ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, owó gọ́ọ̀mù wọn sì ti lé ti sìmẹ́ńtì kí ọdún tó yí po.