Ọjọ́ Màmá Ni Owó Màmá

Ní Ìkẹ́nnẹ́, bí ọmọ ẹni bá lóyún ní Lọ́ńdọ̀nù, ìyá rẹ̀ á mọ̀, ṣùgbọ́n kò ní í sọ. Ta ló fẹ́ kí ayé gbọ́? Físà lè ti wà nílẹ̀, síbẹ̀ ẹnikẹ́ni ò ní í dárúkọ tíkẹ́ẹ̀tì. Ìgbà tí wọ́n bá gbóhùn ìyá, tí wọ́n gbóhùn ọmọ tán, ni fóònù á wá dún: “Màmá, ẹ tètè múra o, ìsọmọlórúkọ ku ọjọ́ mẹ́fà!” Ejẹ́ntì á pe iye tó bá wù ú, wọ́n á sì san án, torí inú ń dùn. Bẹ́ẹ̀, oyún tí dókítà ti dá ọjọ́ fún tipẹ́tipẹ́ ni.

Màmá ti fẹ̀yìn tì. Kì í tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá kankan mọ́. Mọ́ńdè àti Tọ́sìdeè ò yàtọ̀ lójú rẹ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó máa rí tíkẹ́ẹ̀tì pọ́ọ́kú rà, nítorí ó lè wọ bàálù lọ́jọ́ tí ẹlòmíràn ò fẹ́. Àwọn ọmọ ló ń bá a ná ọrọ̀ àkókò yìí dànù.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín ọdún 2022 sí 2024 ló yẹ kó ti kọ́ wa lọ́gbọ́n. Àwọn iléeṣẹ́ bàálù òkèèrè ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ní náírà, wọn ò sì rí dọ́là tí wọ́n máa fi kó owó wọn relé. Nígbà tó fi di àárín ọdún 2023, IATA, ẹgbẹ́ àwọn iléeṣẹ́ bàálù lágbàáyé, ní owó tó há sí Nàìjíríà ti tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 850 dọ́là. Emirates ti pa Nàìjíríà tì láti ìparí oṣù kẹwàá ọdún 2022, ó sì di ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 2024 kó tó padà wá. Àwọn yòókù dúró, ṣùgbọ́n wọ́n dọ́gbọ́n sí i. Àga inú bàálù kan náà kì í ní iye kan ṣoṣo: díẹ̀ wà fún owó pọ́ọ́kú, òmíràn wọ́n díẹ̀, èyí tó gbẹ̀yìn á gba owó gegere. Wọ́n yọ àwọn tó pọ́ọ́kú kúrò lọ́wọ́ àwọn ejẹ́ntì wa, èyí tó wọ́n nìkan ló kù fún ẹni tó fẹ́ rà á ní Èkó. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, náírà tún já wálẹ̀.

Làwọn kan bá ń gba Ákírà ní Ghana lọ, torí ó dínwó níbẹ̀. Ibodè mẹ́ta ni èèyàn á kọjá lórí ilẹ̀: Sẹ̀mẹ̀, ti Benin sí Togo, àti Aflao tó wọ Ghana. Kí ọ̀dọ́ ṣe bẹ́ẹ̀, ó dáa. Kí a gbé ẹni àádọ́rin ọdún tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru gba ọ̀nà yẹn nítorí owó, èmi ò lè pe ìyẹn ní ọgbọ́n.

Ní ọjọ́ 30, oṣù kẹta ọdún 2024, Air Peace, iléeṣẹ́ bàálù Nàìjíríà, gbéra láti Èkó lọ sí Gatwick ní Lọ́ńdọ̀nù. ₦1.2 mílíọ̀nù ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, nígbà tí tíkẹ́ẹ̀tì lọ́dọ̀ àwọn mìíràn ti lé ní mílíọ̀nù méjì. Kò pẹ́ táwọn yẹn náà fi já owó wọn wálẹ̀. Ẹni tó ti fi ìwàǹwára rà tẹ́lẹ̀ ò lè ké, àdéhùn ti parí. Màmá tí wọn ò há ọjọ́ mọ́ kàn jókòó sílé ni, ó sì jèrè.

Àsìkò náà ní ọwọ́ tirẹ̀ nínú owó tíkẹ́ẹ̀tì. Bí ọdún bá ku ọ̀la, mọ́tò tó ń bọ̀ ní Ṣágámù láti Èkó á kún dẹ́nu, èyí tó ń padà lọ á sì ṣófo. Bí bàálù ṣe rí náà nìyẹn. Ní oṣù Kérésì, àwọn ọmọ wa ń ya wálé. Lẹ́yìn ọdún tuntun, gbogbo wọn ń sáré padà. Kí Màmá má bá wọn du àga lọ́sẹ̀ yẹn. Kó lọ ní ìparí oṣù kìíní tàbí oṣù kejì, kó sì padà kí ìsinmi iléèwé oṣù keje tó dé. Físà àbẹ̀wò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í sábà gbà ju oṣù mẹ́fà lọ lẹ́ẹ̀kan, ó sì tó o.

Ẹ má kàn wo iye nìkan. Tíkẹ́ẹ̀tì tó pọ́ọ́kú jù lè má gba àyípadà ọjọ́ rárá. Bí bàálù bá máa yà ní Yúróòpù, ẹ béèrè: ọmọ Nàìjíríà wà lára àwọn tí àwọn orílẹ̀-èdè Schengen ń béèrè físà lọ́wọ́ wọn kódà bí wọ́n bá fẹ́ pààrọ̀ bàálù lásán, àyàfi ẹni tí òfin yọ sílẹ̀. Ẹ má sì san owó tán fún ejẹ́ntì tó fún yín ní kóòdù tí wọ́n fi di àga mú nìkan. Kóòdù lè wà kí wọ́n má tíì ra nǹkan kan. Nọ́ńbà tíkẹ́ẹ̀tì gan-an, tó ní fígọ̀ 13, ni kí ẹ gbà. Kẹ̀kẹ́ arúgbó ní pápákọ̀, ọ̀fẹ́ ni, ẹ tètè béèrè fún un.

Ní ti ìsọmọlórúkọ, Màmá lè pe orúkọ tirẹ̀ láti Ìkẹ́nnẹ́ lórí fóònù. Ilé á kún fún àlejò lọ́jọ́ kẹjọ, oúnjẹ á pọ̀. Ṣùgbọ́n ìsinmi bàbá ìkókó lábẹ́ òfin Gẹ̀ẹ́sì kì í ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta tó bá padà sẹ́nu iṣẹ́, ìyá ìkókó nìkan ló kù nínú ilé, ìgbà yẹn gan-an ló nílò ẹni tó máa bá a wẹ ọmọ.